Omi Eérú Nínú Ẹ̀gẹ́ Àlàájà

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi darúgbó. Bí mo bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì, n kò ní gbàgbé ife mẹ́ta tí wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì níwájú mi lọ́jọ́ náà: omi inú ọ̀kan pupa, ìkejì ní àwọ̀ ewé, ìkẹta tún pupa. Tí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀rín, ẹ máa rín in lọ. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín sí i báyìí, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ká ní ilẹ̀ lanu ni, mi ò bá kó sí i láìbọ́ bàtà.

Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì nígbà náà, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Ilé Àlàájà kan ni mo háyà yàrá sí, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú. Fùfú ló ń ṣe tà. Fùfú rẹ̀ funfun, kò ní pàǹtí, kò ní koko, àwọn ọmọ yunifásítì a sì máa gun ọ̀kadà wá rà á láti òdìkejì ìlú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nílé ni Múnírá, ọmọ ọdún méjìdínlógún, tó ti ṣe ìdánwò àṣejáde girama lẹ́ẹ̀mejì, tó jẹ́ pé kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì ló ń dá a padà lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ wa daṣẹ́ sílẹ̀, n kò lọ sílé. Àlàájà ní kí n jọ̀ọ́, kí n máa ṣàlàyé ìwé fún Múnírá nírọ̀lẹ́. Kí n tó mọ̀, ọmọ mẹ́fà mìíràn ti wá láti àdúgbò, tí wọ́n gbé àga tiwọn dání. Abẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé la máa ń jókòó sí ní aago mẹ́rin. Àwọn ọmọ náà sọ mí ní Àǹtí Sáyẹ́ǹsì. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ, òun náà ló sì kọ́kọ́ ta epo sí aṣọ àlà mi.

N kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ ẹ̀tàn tàn yín jẹ, mo mọ ọ̀rọ̀ là yé ọmọ. Ohun tí ìwé fi ojú ewé mẹ́ta sọ tí kò yé ẹnikẹ́ni, ilé Àlàájà ni mo fi ń sọ ọ́. Mo ní ilé ni sẹ́ẹ̀lì. Awọ tó yí i ká ni ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń wo ojú àlejò kó tó jẹ́ kó wọlé. Núkílíọ́ọ̀sì ni baálé tó wà ní yàrá, tí kì í jáde, àmọ́ tó jẹ́ pé àṣẹ rẹ̀ ni gbogbo ilé ń tẹ̀ lé. Nígbà tí a dé orí ẹ́ńsáìmù, mo ní alárenà ni. Ó ń mú ọkùnrin mọ obìnrin, wọ́n á sì di tọkọtaya kíákíá, òun fúnra rẹ̀ kò ní gbé ìyàwó, lọ́jọ́ kejì ó ti tún wà lẹ́nu iṣẹ́ níbòmíràn. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Múnírá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, bí alárenà bá wá kú ńkọ́?"

Mo ní, "Ìgbéyàwó ò ní wáyé mọ́ nìyẹn. Ooru tó bá pọ̀ jù máa ń pa ẹ́ńsáìmù. Ásíìdì tàbí álíkálì tí kò bá a lára mu náà lè ba tirẹ̀ jẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìdáhùn yẹn pamọ́, nítorí èmi tí mo sọ ọ́ ni mo kọ́kọ́ gbàgbé rẹ̀.

Mo tún kọ́ wọn pé ẹni tó bá fẹ́ dán nǹkan wò gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ tí kò ní fọwọ́ kàn. Bí o bá bu ajílẹ̀ sídìí àgbàdo kan, fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èkejì ni yóò jẹ́ kó o mọ ohun tí ajílẹ̀ ṣe. Mo pe èyí tí a kò fọwọ́ kàn ní ẹlẹ́rìí. Múnírá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, Àlàájà rẹ ẹ̀gẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù méjì. Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ ọjà. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣe fìdáù ọdún kan fún ọkọ rẹ̀, tí àwọn ẹbí ọkọ yóò sì wá láti Ìlógbò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ìlógbò, ti sọ ọ́ lójú ayé nígbà òkú pé Àlàájà kò mọ àlejò tọ́jú. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì jinná lára Àlàájà. Fùfú ló ń ṣe nígbà tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ rí i, fùfú rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń jẹ títí tó fi kú, ó sì ti pinnu pé fùfú ọwọ́ òun ni àwọn ará Ìlógbò yóò jẹ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó lọ wí tẹnu wọn. Dúrọ́ọ̀mù dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Dúrọ́ọ̀mù búlúù, ìyẹn èyí tó tóbi jù, wà lábẹ́ fèrèsé mi gan-an.

Ní Ọjọ́rú, a dé orí ásíìdì àti álíkálì. A kò ní bébà tí wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé omi ìṣápá pupa, èyí tí gbogbo wa ń mu ní sóbò, lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Mo se díẹ̀, mi ò fi ṣúgà sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tí bàbá rẹ̀ ń dá oko kòkó ní Ìsàn bá mi bu eérú èèpo kòkó wá, irú èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú ń lò. Mo bu omi sí i, mo sẹ́ ẹ, mo rí omi eérú tó kún rọ́bà ọ̀dà kan dẹ́nu.

Mo ní, "Ásíìdì máa ń kan lẹ́nu, bí ọsàn wẹ́wẹ́ àti omidùn ọ̀gì. Álíkálì máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Ẹ má fẹnu kan gbogbo ohun tí ẹ bá rí o, sóbò ni kí ẹ bi léèrè."

Mo bu omi díẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀gẹ́, mo ro sóbò sí i, ó pupa fòò. Mo ro sóbò sínú omi eérú, ó di àwọ̀ ewé lójú wọn. Àwọn ọmọ náà dìde lórí àga. Mo wá ń ro omi eérú sínú omi ẹ̀gẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí kò fi kan mọ́, tí kò sì yọ̀. Mo ní bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n á pa agbára ara wọn, ohun tó máa ṣẹ́ kù kò ní ju iyọ̀ àti omi lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ gbọ́, kí Ọlọ́run má fi ìpàtẹ́wọ́ ọmọ méje dán ẹnikẹ́ni wò.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́ ohun tí n kò sọ fún àwọn ọmọ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, Dàpọ̀, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ náà ló fẹ́ wá kí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ti ra ìrẹsì, mo ti ya adìyẹ sọ́tọ̀, mo ti fọ kọ́tìnnì. Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ń kan sì ń gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá. Mo fọ́n lọ́fínńdà sí i, àwọn méjèèjì gbá mú ara wọn, òórùn kẹta tó jáde kò ní orúkọ. Mo rí Dàpọ̀ lọ́kàn mi tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, tó fọwọ́ bo imú.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àlàájà lọ sí Ìfàkì lọ bá alápatà sọ̀rọ̀ ẹran fìdáù, Múnírá lọ gba aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀. Ó ku èmi, dúrọ́ọ̀mù, àti rọ́bà omi eérú. Mo ro ó bí ọ̀mọ̀wé ṣe ń ro ó. Kíkan ló ń rùn, ásíìdì ni kíkan, álíkálì ni omi eérú, iyọ̀ àti omi ni yóò ṣẹ́ kù. Ta ni iyọ̀ àti omi pa rí? Mo bu ife kan sínú dúrọ́ọ̀mù búlúù, mo gbóòórùn. Mo bu ìkejì. Nígbà tó yá, mo gbé rọ́bà náà, mo da gbogbo ìyókù sínú rẹ̀, mo fi igi rò ó pọ̀. Láàárín wákàtí kan, òórùn náà ti lọ sílẹ̀ gan-an ni. Mo jó díẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Bí omi eérú kò bá tán ni, mi ò bá bu sí ti dúdú náà, Ọlọ́run ló yọ mí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi síwájú lóòótọ́, àmọ́ omi eérú ni. N kò rántí alárenà mi. N kò rántí pé àwọn kòkòrò tí ojú kò rí àti ẹ́ńsáìmù ló ń mú ẹ̀gẹ́ rọ̀, pé inú kíkan yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àti pé òórùn tí mo lé lọ ni iṣẹ́ wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Múnírá dé, ó fọ aṣọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù búlúù. Mo rí i láti ojú fèrèsé. N kò ro nǹkan kan sí i.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, ohùn Àlàájà ló jí mi. Kò pariwo, ó kàn ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lọ́nà kan tí n kò gbọ́ rí. Mo jáde. Ó ti ti ọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀mù búlúù dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀gẹ́ tó yẹ kó ti máa fọ́ lọ́wọ́ le bí ìgbà tí wọ́n bó o, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, omi ara rẹ̀ sì ń yọ̀. Àlàájà a máa sọ Yorùbá tó lọ geere sí mi nítorí pé mo jẹ́ àlejò, àmọ́ bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, Èkìtì rẹ̀ máa ń yọjú.

Ó ní, "Múnírá, ùwọ lo fọ aṣọ ní ubí yìí lánàá. Ọṣẹ ti wọ unú ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ."

Múnírá ní, "Màámi, mi ò fọwọ́ kàn án. Mi ò ṣí ọmọrí rẹ̀ pàápàá. Kì í ṣe urọ́."

"Kí ló wá ń yọ̀ báyìí? Fọwọ́ kàn án kó o gbọ́. Ọṣẹ ni." Ó yíjú sí mi. "Àǹtí Sáyẹ́ǹsì, ùwọ tó o mọ̀wé, ṣé ọṣẹ lè ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ báyìí?"

Ẹ wò ó, Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn fún mi gbayawu. Ohun tí mo ní láti ṣe kò ju kí n kúnlẹ̀ lọ. Ẹnu mi là, ohun tó jáde ni, "Ó lè ṣe é, Mà. Álíkálì ni ọṣẹ."

Òótọ́ ni mo sọ o. Bí ẹ bá ṣí ìwé, bẹ́ẹ̀ lẹ máa bá a. Òótọ́ yẹn sì ni irọ́ tó burú jù tí mo pa láyé mi.

Múnírá wò mí. Kò sunkún, kò jiyàn, ó kàn wò mí bíi pé ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó tí kò hàn dáadáa. Àlàájà jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ tí ń yọ̀ náà lé itan. Ó ní, "Àwọn ará Ìlógbò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti ní fùfú ọwọ́ mi ni wọn yóò jẹ. Kí ni mo fẹ́ wí fún wọn ní ulé mi?" Èmi padà sí yàrá. Mo ní lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ dé ni n ó sọ ọ́. Wọ́n kírun dé, mo ní kí Àlàájà jẹun ná. Ó jẹun tán, mo ní kí a parí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ná. Ẹ̀yin náà mọ bí ìtìjú ṣe ń sún ọjọ́ síwájú.

Ní aago mẹ́rin, mo bọ́ sábẹ́ máńgòrò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn. Múnírá nawọ́.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ máa ń ní ẹni tó bá ní ìbéèrè kó béèrè. Tèmi jẹ mọ́ ti Ọjọ́rú. Ẹ má bínú, Mà." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i."

Ó gbé bẹ́ǹṣì kékeré síwájú mi, ó to ife mẹ́ta sórí rẹ̀, ó mú ìyókù sóbò mi jáde. Ó ní omi inú dúrọ́ọ̀mù dúdú ló wà nínú àkọ́kọ́. Ó ro sóbò sí i, ó pupa. "Ẹlẹ́rìí nìyí," ló wí. Ó ní ti dúrọ́ọ̀mù búlúù ni ìkejì. Ó ro sóbò sí i, ó di àwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ náà hó.

"Ìkẹta," ló ní, "mo bu omi dúrọ́ọ̀mù dúdú sínú abọ́ kan. Mo fi ọṣẹ ra ọwọ́ mi méjèèjì títí dé ọrùn ọwọ́, mo ṣan gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ náà. Òun ni mo bù síhìn-ín." Ó ro sóbò sí i. Gbogbo wa na ọrùn. Ó pupa.

Ó wá sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an. "Ọwọ́ ọṣẹ méjì ò borí abọ́ omi ẹ̀gẹ́ kan. Báwo ni èyí tó bá ta sí i láti ibi tí mo ti ń fọṣọ ṣe máa borí odindi dúrọ́ọ̀mù? Ohun tó bá borí dúrọ́ọ̀mù, álíkálì ni, ó sì máa pọ̀. Ìbéèrè mi nìyẹn, Mà. Mi ò mọ ohun tó lè jẹ́." Ó jókòó.

Bó ṣe jókòó ni ọmọ Ìsàn tó bu eérú wá, ọmọ tí kò ní ẹ̀tàn kankan nínú, sọ pé, "Àǹtí, omi eérú wa ńkọ́? Ó kún rọ́bà ọ̀dà lọ́jọ́rú."

Gbogbo ojú yí sí rọ́bà ọ̀dà. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ti dojú rẹ̀ délẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Abọ́ tí mo fi jẹun lánàá ṣì wà nílẹ̀ ní yàrá mi tí eèrà ń tò sí i, àmọ́ rọ́bà ọ̀dà ni mo rí fọ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò lọ tó wákàtí mẹ́wàá.

Mo kúnlẹ̀ síwájú àwọn ọmọ tí ń pè mí ní Àǹtí. Mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, mo sọ ti òórùn, mo sọ ti Dàpọ̀ pẹ̀lú. Mo ń retí pé kí Àlàájà lé mi jáde, kó bú mi, kó tilẹ̀ gbá mi létí, ara ìbá tù mí.

Ó ní, "Ẹ̀gẹ́ lè bàjẹ́. Kò sẹ́ni tí nǹkan ò bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ rí. Àmọ́ mo bi ọ́ ní àárọ̀. Mo dúró níwájú rẹ, mo bi ọ́."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Múnírá, jọ̀ọ́." Ìyá bẹ ọmọ níṣojú gbogbo wa nítorí ẹ̀sùn tí mo fi ìwé mi tì lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni omijé mi ti dà.

Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ kò lè rọ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rẹ́ Àlàájà kan ní Ìsàn ló ní èyí tó ti rọ̀, èmi àti Múnírá ni wọ́n sì rán lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. A gun ọ̀kadà kan ṣoṣo bọ̀, àpò ẹ̀gẹ́ wà láàárín wa, ó ń jò, gbogbo omi rẹ̀ sì gba ẹ̀yìn mi sọ̀ kalẹ̀ títí a fi dé Ọ̀yẹ́. Múnírá kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan ní gbogbo ọ̀nà náà. Bí a ṣe dé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ẹ. Mo sẹ́ ti Ìsàn, mo sẹ́ ti dúrọ́ọ̀mù dúdú, mo kó irun mọ́ra, apá mi wú. N kò rántí Dàpọ̀ mọ́ títí mo fi gbọ́ ìkíni lẹ́yìn mi.

Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Èmi wà nílẹ̀, mo ki apá méjèèjì bọ omi ẹ̀gẹ́, irun mi ti lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Òórùn tí mo tìtorí rẹ̀ ba nǹkan olóore mi jẹ́ ti wá wà lára èmi fúnra mi, kì í ṣe ti ojú fèrèsé mọ́.

Dàpọ̀ na imú sókè. Ó ní, "Ṣé fùfú ni mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀ yìí? Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń wá fùfú gidi."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó sí ilé ìdáná Àlàájà tó jẹ fùfú òkèlè ńlá ńlá. Kò kan ìrẹsì mi, kò béèrè adìyẹ. Nígbà tí yóò lọ, Àlàájà wé méjì fún un. Múnírá wo ojú mi, ó fẹ́ máa bínú lọ, kò lè ṣe é, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ Jímọ̀ nìyẹn, mo sì gbà á bí ẹni gba ọrẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àlùfáà ṣe àdúrà, oúnjẹ kárí. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mò ń fọ abọ́, mo ti fi ara mi sí ipò tó yẹ mí. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìlógbò. Fùfú ẹ̀gẹ́ Ìsàn ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ó sì bù ú kan ṣoṣo.

"Ìyàwó," ló ní, "ọwọ́ rẹ kọ́ lèyí."

Àlàájà ní, "Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ó kù díẹ̀ káàtó ni. Ẹ má bínú."

Kò dárúkọ mi. Obìnrin tí wọ́n ti sọ pé kò mọ àlejò tọ́jú gba ẹ̀bi náà sórí níwájú ẹni tó sọ ọ́, ó bò mí láṣìírí. Èmi tí wọ́n bi léèrè ní Jímọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Mo lè máa fọ abọ́ mi lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo gbójú sókè, Múnírá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bó ṣe wò mí ní Jímọ̀.

Mo jáde sí pálọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, Mà. Ọwọ́ Àlàájà ò yí padà. Èmi ni mo da omi eérú sínú ẹ̀gẹ́ rẹ̀."

Ìyá Ìlógbò ní, "Omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kí òórùn rẹ̀ lọ ni, Mà."

Ìyá àgbà náà wò mí láti orí dé ọwọ́ tó ń hó. Ó yíjú sí àwọn ẹbí, ó ní, "Ẹ̀gẹ́ ni ọmọ yunifásítì yìí fẹ́ wẹ̀." Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, títí kan àlùfáà tó jókòó sórí àga ńlá. Àlàájà fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ìyá Ìlógbò nu ojú, ó ní, "Ká ní àbúrò mi wà láyé ni, ẹ̀rín èyí ìbá gbé e ṣubú." Ó wá ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè bóyá ó ku èyí tí Àlàájà fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ. Múnírá sáré bu ti dúrọ́ọ̀mù dúdú wá. Ìyá Ìlógbò bù ú, ó gbé e mì, ó bu òkèlè kejì, ó bu ìkẹta.

"Ọwọ́ rẹ rèé," ló sọ fún Àlàájà. "Wọn a máa jẹ ẹ́ lọ ní ulé yìí."

Láti ọjọ́ náà, orúkọ mi ní Ọ̀yẹ́ kúrò ní Àǹtí Sáyẹ́ǹsì, ó di Àǹtí Ọlọ́ṣẹ. Mo jẹ́ ẹ títí mo fi jáde yunifásítì. Mo ti di olùkọ́ báyìí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkọ̀lé. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ yẹn ni pé ìmọ̀ tí a fi bo ara ẹni láṣìírí kì í pẹ́ kó tó ta onítọ̀hún lójú, àti pé kí n tó da nǹkan sínú ìkòkò ẹlòmíràn, kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá sì bi mí ní ìbéèrè tó lè gba ẹlòmíràn sílẹ̀, mo ti kọ́ láti dáhùn kíákíá, kí ìtìjú tó gbọ́.

Múnírá yege nínú kẹ́mísírì lọ́dún náà. Ó ti wọ yunifásítì. Láìpẹ́ yìí ló pè mí lórí fóònù. Ó ní olùkọ́ wọn béèrè bí èèyàn ṣe lè dá ásíìdì mọ̀ yàtọ̀ sí álíkálì láìsí bébà rẹ̀, òun nìkan ló nawọ́, òun ṣàlàyé sóbò, òun ṣàlàyé ẹlẹ́rìí. Olùkọ́ náà béèrè ibi tó ti kọ́ ọ dáadáa bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Kí lo wá sọ fún un?"

Ó ní, "Mo ní Àǹtí mi kan ló kọ́ mi, Mà, nínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀gẹ́ ìyá mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí ojú mi fi ń ṣomi. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀ tán, mo rí i pé mo ti fọwọ́ bo ojú, èmi nìkan nínú yàrá, bíi pé ife mẹ́ta yẹn ṣì wà níwájú mi.